Ajá Tí Kò Fẹ́ Rí Ọ̀pá

"Ta ló máa ń wà nílé yín lọ́sàn-án?"

Dókítà ẹran ló béèrè bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò gbójú sókè níbi tó ti ń gé èékánná ajá kan lórí tábìlì. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Lọ́yà nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè jiyàn lé lórí, ti ní ìdáhùn lẹ́nu kí ìbéèrè tó parí.

"Màmá mi ni, Dókítà. Aránṣọ ni wọ́n. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà."

"Àgbàlagbà ńkọ́? Ọmọdé ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ kò le?"

Lọ́yà ronú díẹ̀. Màmá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣubú tí egungun itan wọn dá, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ́jú. Ẹni tí kò sí nílé, kò sí nílé náà nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

"Kò sí, Dókítà."

"Ajá mélòó lẹ ti sìn rí?"

"Àkọ́kọ́ wa nìyí."

Dókítà gbé ajá orí tábìlì sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá tọ́ka sí ara ògiri níbi tí àwòrán ajá bí ogún wà. "Ṣé o rí gbogbo wọn? Ìwà wọn kò dọ́gba. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, eré sísá ni wọ́n bí i fún. Bí kò bá sáré bí wákàtí méjì lójúmọ́, àga ilé yín ló máa fi ṣeré. Èyí dúdú aláyà gbàràmù yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń fi í ṣọ́ ọgbà wọn. Kò burú o, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ajá dunjú ló ń di okùn rẹ̀ mú. Bàbá rẹ ń wa tírélà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

"Ṣé orí tírélà ló ti kọ́ mọ́tò?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán ajá dúdú náà.

Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo wọn lọ kí màmá àgbà, àwọn olè já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun tí màmá rẹ̀ fi ń ya òdòdó sára aṣọ, wọ́n sì kó aṣọ oníbàárà mọ́ ọn. Bàbá pè láti ojú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n wá ajá. Ó ní Lọ́yà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, nítorí náà kí Lọ́yà fúnra rẹ̀ yàn án, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà ẹran.

"Mo ní ọ̀kan lẹ́yìnkùlé tó máa bá ilé yín mu," Dókítà ní. "Olùkọ́ tó ni ín ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò tóbi, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àjèjì bá ti dé géètì, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́."

Ó mú ajá náà wá. Abo ajá kékeré kan báyìí ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ẹ̀pà, Ẹ̀pà náà ni wọ́n sì ń pè é. Ó wá, ó gbọ́ òórùn bàtà Lọ́yà, ó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yán, kò sì dìde mọ́. Lọ́yà wò ó láti orí dé ìrù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ṣé èyí lòun máa fi han Fọ́tò, ọ̀rẹ́ òun?

"Màá lọ sọ fún màmá mi," ló wí. Kò sọ fún màmá rẹ̀.

Fọ́tò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ẹni tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Fọ́tò bá yà ni gbogbo iléèwé ń sọ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Nígbà tí Lọ́yà ṣàpèjúwe Ẹ̀pà fún un, ó pa òṣé ṣàràrà.

"Ajá tàbí ológbò? Olè á tún kí i kú ilé kó tó wọlé! Wá, mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta ajá gidi."

Alájá náà mú wọn lọ síwájú àgò onírin kan. Ajá dúdú kan wà nínú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ki bí apá àgbà ọkùnrin. Kọ́mándà lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n. Alájá mú ọ̀pá kan nílẹ̀, ó kàn gbé e sókè báyìí ni. Yé è! Ajá náà fò mọ́ irin àgò tó fi mì jìgìjìgì, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, Lọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ.

"Ẹ rí i?" ni alájá wí, ó ń fọ́nnu. "Ẹnikẹ́ni tó bá mú ọ̀pá lọ́wọ́, tirẹ̀ ti bá a. Bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Olè wo ló ń wá lọ́wọ́ òfo?"

Fọ́tò pàtẹ́wọ́. Àyà Lọ́yà ń lù kìkì, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ó fi owó tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ra ajá náà.

Nígbà tí màmá rẹ̀ rí ajá náà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ bọ́ lọ́rùn rẹ̀. "Lọ́yà! Ṣé dókítà rí eléyìí?"

"Ó rí i, Màmá. Ó ní ó dáa."

Irọ́ gbuu!

"Kí èmi tó ránṣọ, ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀n," ni màmá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ajá náà. "Ṣé ó béèrè bí ilé wa ṣe rí?"

"Gbogbo ẹ̀ ló béèrè, Màmá."

Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Fọ́tò ya Lọ́yà pẹ̀lú Kọ́mándà, àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ níléèwé wá ń pè é ní Ìyá Kọ́mándà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láti mú ajá jáde, ọjọ́ tó bá sì mú un jáde, ajá ló ń wọ́ ọ kiri àdúgbò tí èjìká rẹ̀ á máa ro ó. Ìdí táńkì omi lẹ́yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti jin kòtò. Àwọn oníbàárà kò wọlé mọ́. Ẹnu géètì ni wọ́n ń dúró sí tí wọ́n á máa ké pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tú ìbàdí yẹn sílẹ̀ díẹ̀, mo ti sanra sí i!" Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Obìnrin kan tí ìtìjú mú gbé aṣọ rẹ̀ lọ fún aránṣọ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, màmá rẹ̀ gbàgbé rúlà onígi gígùn sọ́wọ́ nígbà tó fẹ́ pọn omi. Bí Kọ́mándà ṣe rí i, ó fò débi tí ṣéènì fà á padà sílẹ̀ gbì. Màmá rẹ̀ sá wọlé, ó di àyà mú. "Kí ni mo ṣe fún ajá yìí?" ló ń béèrè. Lọ́yà mọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àǹtí rẹ̀ pè. Màmá rẹ̀ ń gbọ́ fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó láàárín ṣọ́ọ̀bù. "Màmá àgbà ti ń rìn o! Wọ́n ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú! Wọ́n ní ọ̀pá tí o fi aṣọ wé lórí fún wọn yẹn, bí wọ́n bá ń sùn pàápàá, ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń wà."

Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló gán aṣọ pupa yẹn mọ́ orí ọ̀pá náà, kó má bàa dun màmá àgbà lọ́wọ́. Báwo ló ṣe wá gbàgbé? Kò gbàgbé, ká má parọ́. Kò kàn fẹ́ rántí ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀ gígùn, ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán sí Kọ́mándà. "Jọ̀ọ́," ló ń wí, "jọ̀ọ́, ọ̀pá lásán ni." Ó ti ọ̀pá náà nílẹ̀ bí màmá àgbà á ṣe tì í, kò, kò, kò. Ṣéènì na tantan. Eyín ajá náà funfun báláú, ojú rẹ̀ kò sì sí lára Lọ́yà rárá, ọ̀pá ló ń wò. Lọ́yà ju ọ̀pá náà nù.

Ó pe alájá. "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà," ni alájá wí, ó sì pa fóònù. Lọ́yà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti bá màmá rẹ̀ sọ ọ́. Màmá rẹ̀ tẹ orí ba ẹ̀rọ, ó ń lé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbà lálẹ́.

"Màmá..."

"Kí ló dé?"

Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ti ọ̀pá, irọ́ ti dókítà á jáde. Bẹ́ẹ̀, Fọ́tò ti kéde pé gbogbo kíláàsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá yàwòrán pẹ̀lú Kọ́mándà. Bí wọ́n bá ti yà á tán, òun á sọ. Ọjọ́ Àìkú ṣì jìnnà.

"Kò sí nǹkan, Màmá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó lọ ṣe ìdánwò ìṣirò, ó fi bẹ́líìtì ọrùn tuntun tó rán nítorí àwòrán ọjọ́ Sátidé sí Kọ́mándà lọ́rùn wò. Aṣọ àga tó kù nílẹ̀ ló fi rán an, ó fi òwú wúrà gbá a létí, ó sì rẹwà gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀ nítorí ìkánjú. Ọmọ aránṣọ tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá máa fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń rán an! Ó wo ojú rírán náà, ó wo aago. Bẹ́líìtì aláwọ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kò sí mọ́. Ó kó ṣéènì bọ inú èyí tó rán, ó ní ó máa dúró di ọ̀sán, ó sáré lọ.

Nígbà tó darí dé, mọ́tò àǹtí rẹ̀ ló rí lẹ́nu géètì. Awakọ̀ ń já ẹrù sílẹ̀.

"Iṣẹ́ gbé mi gba ọ̀nà ibí lónìí ni mo bá gbé wọn," ni awakọ̀ wí. "Wọ́n ti wọlé."

Báàgì Lọ́yà bọ́ nílẹ̀. Ó gba inú ṣọ́ọ̀bù, ó fò kọjá màmá rẹ̀ tó ń gbé àpótí wọ yàrá. Ó gbọ́ ohùn màmá àgbà ní ọ̀nà ẹ̀yìn: "Ajá tí ẹ ń pariwo rẹ̀ náà dà? Ẹ jẹ́ kí n kí àlejò ilé." Ó sì gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì. Kò. Kò. Kò.

"Màmá àgbà, ẹ dúró!"

Wọ́n ti yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kọ́mándà ti wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ṣéènì fà á lọ́rùn, òwú wúrà ń dán nínú oòrùn. Lọ́yà gbọ́ tí bẹ́líìtì náà ya. Fàà! Ariwo kékeré kan lásán, irú èyí tó ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́.

"Ẹ ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀! Màmá àgbà, ọ̀pá ni! Ẹ jù ú sílẹ̀!"

Màmá àgbà jù ú. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, wọ́n sì lọ sílẹ̀ gbì, ẹ̀gbẹ́ itan tó dá yẹn gan-an ni wọ́n fi balẹ̀. Ajá náà fò kọjá orí wọn, ó ki ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń rún aṣọ pupa orí rẹ̀. Kò wo ojú màmá àgbà lẹ́ẹ̀kan. Màmá àgbà di itan wọn mú.

Ìgbà yẹn ni káfíńtà ilé kejì fò wọlé pẹ̀lú pákó gígùn, àwọn méjì sì tẹ̀ lé e. Kọ́mándà ju ọ̀pá sílẹ̀, ó kọjú sí wọn. Lọ́yà bọ́ sáàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má gbé pákó wá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó pa wá!"

"Ajá wèrè nìyí, kúrò níbẹ̀!" ni káfíńtà ń jágbe mọ́ ọn. Àmọ́ ó gbé pákó sílẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mira, títí dókítà ẹran tí ẹnìkan sáré lọ pè fi wọlé lọ́wọ́ òfo. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ju ẹran sílẹ̀, ó fi okùn kọ́ ajá náà lọ́rùn. Ó gbé ojú sókè.

"Ta ló ni ajá yìí?"

"Ẹ̀yin ló ní ó dáa, Dókítà," ni màmá Lọ́yà wí. Òun àti awakọ̀ ti ń gbé màmá àgbà lọ sínú mọ́tò.

"Èmi kẹ̀? Mi ò rí i rí."

Ọwọ́ pálábá Lọ́yà ti ségi.

"Ẹ pa á, kí gbogbo wa sinmi," ni káfíńtà tún wí. "Ajá tó ń kọ lu arúgbó láìnídìí!"

Màmá rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò. Ó yíjú padà. "Lọ́yà, o ké pé kí wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀pá ni?"

Lọ́yà mọ bí òun ṣe lè dáhùn. Ó lè ní òun kàn méfò ni, ẹni tó mọ ẹjọ́ rò bíi tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, ajá kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á pa Kọ́mándà bí ajá wèrè, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ó wo ajá náà. Ó ti dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ dókítà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àjẹkù òwú wúrà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kì í ṣe wèrè," ló wí, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ẹni tó tà á sọ fún mi. Mo mọ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á. Dókítà ní kí n mú ajá mìíràn, mo parọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé màmá àgbà ń bọ̀, mi ò sì sọ. Èmi ni, Màmá. Èmi ni."

Màmá rẹ̀ kò lù ú, kò bú u. Ó wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Lọ́yà ì bá fẹ́ràn kó lu òun.

Egungun kò dá mọ́, ọpẹ́lọpẹ́ irin tí wọ́n ti fi sí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n itan náà wú bí ìrọ̀rí, àwọn dókítà sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn lórí ibùsùn. Oṣù mẹ́rin ìyà, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún padà sí. Nígbà tí Lọ́yà wọ yàrá ilé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Lọ́yà," ni màmá àgbà wí, ohùn wọn tín-ín-rín. "Ẹjọ́ dà?"

"Mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò, Màmá àgbà. Mo jẹ̀bi."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. "O ti wá di lọ́yà gidi," ni wọ́n wí.

Dókítà ẹran bá wọn wá ọkùnrin kan tó ń kọ́ ajá fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ìyẹn gba Kọ́mándà, ó ní ó máa pẹ́, ṣùgbọ́n òun ní sùúrù. Fọ́tò wá lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ ya ojú eyín tó wà lára ọ̀pá. Lọ́yà sin ín dé géètì. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ̀pà ti lọ. Ìdílé mìíràn ti mú un lọ́jọ́ kẹta tí Lọ́yà fi í sílẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí ó tó tún jókòó níwájú dókítà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé kékeré kan ló gbé lé tábìlì, irú èyí tí màmá rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ó kọ fífẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn síbẹ̀. Ó kọ wákàtí tí òun ní lójúmọ́, kò sì bù mọ́ ọn. Ó kọ pé àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Màmá àgbà wa ń fi ọ̀pá rìn.*

"Irú ajá wo lo wá fẹ́?" ni dókítà béèrè.

"Ẹ kọ́kọ́ ka ilé wa ná, Dókítà."

Akọ ajá àgbà kan ni dókítà mú wá sílé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Etí rẹ̀ kan ti ya, irun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lẹ́wà. Màmá àgbà yọ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, èyí tí Lọ́yà ti fi aṣọ pupa tuntun wé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì rán an. Kò. Kò. Kò. Màmá Lọ́yà di àyà mú. Káfíńtà ń yọjú lórí ògiri. Lọ́yà di okùn náà mú gírígírí.

Ajá náà dìde. Ó rìn lọ bá ọ̀pá, ó gbóòórùn aṣọ pupa, ó wo ojú màmá àgbà. Ó wá dùbúlẹ̀ sórí bàtà wọn, ó yán.

Ìgbà yẹn ni Lọ́yà tó mí. Ó ti wá yé e pé kì í ṣe ohun tí àwọn ará ìta máa wò ló yẹ kí ènìyàn fi yan ajá, àwọn tó ń gbé inú ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ó sì yé e pé irọ́ kékeré tí ènìyàn pa nítorí àtiṣe fáàrí, ẹlòmíràn ló lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án.

"Ẹ wá gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi o," ni màmá àgbà ń ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó dáa tó kù mí kù ló dùbúlẹ̀ lé!"